Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ rọ́ọ̀kì, ariwo ló ṣì ń jọ létí mi. Ẹ̀yin àgbà, ibo ni kí n gbà wọlé?

Etí_Tuntun:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń dárúkọ Led Zeppelin, Pink Floyd, Black Sabbath, tí ojú ẹni tó ń sọ ọ́ á sì máa dán. Èmi náà gbìyànjú. Mo tan orin wọn: gìtá ń han, ẹnìkan ń lọgun, ìlù ń dún gbàmù-gbàmù, mi ò rí ibi tí mo lè dì mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó orúkọ ọgọ́rùn-ún báńdì lé mi lórí. Tí ẹ̀yin bá ń gbọ́ ọ, kí lẹ̀ ń gbọ́ gan-an? Àwo wo ni kí n kọ́kọ́ gbé?

Bàbá_Aláwo:
Àbúrò, o káàbọ̀. Láti ìgbà tí àwo dúdú ti ń yí lábẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo ti ń gbọ́ orin yìí, kò sì tíì sú mi. Ohun kan ni mo ní láti sọ fún ọ, ìtàn ni gbogbo èyí tó kù: gbé etí kúrò lára gìtá. Gbé e kúrò lára akọrin pẹ̀lú. Wá onílù àti ẹni tó ń ta béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni báńdì wà.

Nínú orin tiwa, ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, omele ló ń di ìdí mú. Nínú rọ́ọ̀kì, gìtá ló ń sọ̀rọ̀, ìlù àti béèsì ló ń di ìdí mú. Ẹni tó bá ń lé ọ̀rọ̀ kiri tí kò gbọ́ ìdí, ariwo náà ló máa gbọ́.

Wo orúkọ Fleetwood Mac. Peter Green tó jẹ́ onígìtá ló dá a sílẹ̀ ní London ní 1967, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ onílù, Mick Fleetwood, àti ti oníbéèsì, John McVie, ló so pọ̀. McVie ò tilẹ̀ tíì gbà láti bá wọn ṣe nígbà yẹn, orúkọ yẹn ni wọ́n fi fà á lójú mọ́ra. Láti ìgbà náà, onígìtá wọlé, onígìtá jáde, Green fúnra rẹ̀ lọ ní 1970. Àwọn méjì yẹn ò yẹsẹ̀.

Nítorí náà, *Rumours*, 1977, ni kó o kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní California, McVie àti Christine ìyàwó rẹ̀ tó ń tẹ dùùrù ti pín yà, Lindsey Buckingham onígìtá àti Stevie Nicks akọrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra ń tú ká, ilé Fleetwood náà ń dàrú. Gbogbo wọn ṣì ń wọ yàrá kan náà láti kọrin bú ara wọn. Ìjà náà wà nínú ọ̀rọ̀ orin, wàá gbọ́ ọ. Ìlù àti béèsì ò mira. Nínú "The Chain", orin kan ṣoṣo tí àwọn márààrún jọ forúkọ sí nínú àwo náà, ó dé ibì kan tí gbogbo nǹkan dákẹ́, béèsì nìkan wá wọlé. Tí orí rẹ ò bá wú níbẹ̀, padà wá bú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwo kẹrin Led Zeppelin, 1971. Fò lọ sí orin tó kẹ́yìn, "When the Levee Breaks". Orin blues àtijọ́ ni, ìyẹn orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Memphis Minnie àti Kansas Joe McCoy ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1929, lórí àkúnya odò Mississippi ti 1927. Zeppelin gbé e lọ sí ilé ńlá àtijọ́ kan ní Hampshire, Headley Grange lorúkọ ilé náà. Wọ́n tẹ́ ìlù John Bonham sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n so máíìkì méjì rọ̀ láti òkè, wọn ò gbé ọ̀kankan sẹ́nu ìlù. Ilé yẹn ló ń dún sí ọ létí, tògiri tàjà. Àwọn tó ń ṣe rap ti gé ìlù yẹn lò títí. Beastie Boys fi bẹ̀rẹ̀ àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1986.

Ẹ̀kẹta, Rolling Stones, nítorí Charlie Watts, onílù wọn. Oṣù Kìíní 1963 ló wọ báńdì náà, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù Kẹjọ 2021. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé jáàsì lọkàn rẹ̀ fẹ́. Wá fídíò rẹ̀, kó o wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ òsì bá fẹ́ lu ìlù àárín, ọ̀tún á gbéra kúrò lórí kímbálì, á fún un láyè. Àyè kékeré yẹn ló ń mú kí orin Stones máa mì lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń mì.

Gìtá_Lẹ̀mí:
Bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ o, àmọ́ ẹ̀ ń ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Kéèyàn gbọ́ rọ́ọ̀kì, kó gbé etí kúrò lára gìtá?

Etí_Tuntun, gbọ́ ti Tony Iommi. Ọmọ Birmingham ni, ọmọ ọdún 17, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé irin pẹlẹbẹ. Ọjọ́ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn níbẹ̀ ni ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni, ìyẹn ni pé àwọn ìka tó fi ń tẹ okùn gìtá gan-an ló lọ. Wọ́n ní ó parí. Ọ̀gá rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ gbé àwo Django Reinhardt wá fún un, onígìtá tó jẹ́ pé ìka méjì ló kù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ òsì rẹ̀ lẹ́yìn tí iná jó o. Ni Iommi bá lọ yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi ṣe ìbòrí ìka, ó lẹ awọ mọ́ ọn. Ó wá okùn tó fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, ó dẹ okùn náà sílẹ̀ kó lè rọrùn láti tẹ̀. Bí okùn ṣe ń dẹ̀ ni ohùn ń wúwo sí i. Gbé *Master of Reality* ti Black Sabbath, 1971, kó o gbọ́ ohun tí mò ń wí. Inú ọgbẹ́ yẹn ni hẹ́fì mẹ́tàlì, rọ́ọ̀kì tó wúwo yẹn, ti jáde. Kí n wá gbé etí kúrò níbẹ̀? Ẹ máa bínú, mi ò ní gbé e.

Bàbá_Aláwo:
Gìtá, mi ò bá ọ jà. Ṣáà padà sídìí àwo tó o dárúkọ yẹn, kó o gbọ́ ohun tí Geezer Butler lórí béèsì àti Bill Ward lórí ìlù ń ṣe lábẹ́ gìtá. Jáàsì ló wà lọ́wọ́ Ward. Ó máa ń fa ìlù sẹ́yìn díẹ̀, òun ló fún gìtá ọ̀rẹ́ ẹ láyè láti wúwo. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀lé wọn ń lù ú gán-án gán-án, wọ́n yára jù wọ́n lọ, wọn ò wúwo tó wọn.

Sọ̀rọ̀_Sókè:
Queen ńkọ́? Gbogbo yín ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Queen. Mo kàn ń béèrè ni o.

Ọmọge_Béèsì:
Sọ̀rọ̀_Sókè, John Deacon! Ẹni jẹ́jẹ́ inú wọn, tó ń ta béèsì. Òun ló kọ "Another One Bites the Dust", 1980. Yọ béèsì kúrò nínú orin yẹn, kó o wò ó bóyá nǹkan kan kù.

Etí_Tuntun, kí lo fi ń gbọ́ orin? Tó bá jẹ́ ẹnu fóònù lásán ni, ohun tí Bàbá ń sọ ò lè yé ọ. Ẹnu kékeré yẹn ò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Gìtá àti ohùn akọrin ló máa ń ṣẹ́ kù, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń jọ ariwo. Wá íápíìsì tó dáa, kó o sì fi sí etí méjèèjì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ki ẹyọ kan bọ etí kí á lè gbọ́ tí wọ́n bá pè wá. Má dán an wò pẹ̀lú àwo ọdún 1960 sí 1967. Nígbà yẹn, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n kó ìlù àti gìtá sí apá kan, kí wọ́n kó ohùn sí apá kejì. Ẹni tó bá yọ ẹyọ kan, ìdajì báńdì ló lé síta. Fún *Sgt. Pepper* ti Beatles, 1967, tó o bá rí èyí tí wọ́n kọ mono sí lára, ìyẹn èyí tí ohùn kan náà ń wọ etí méjèèjì, òun ni kó o mú. Beatles fúnra wọn jókòó tì í nígbà tí wọ́n ń po ìyẹn pọ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá sí ti stereo, èyí tí ohùn pín sí apá méjì.

Ó tún ku ọ̀kan. Bàbá, onílù ọkùnrin lẹ kà látòkè délẹ̀. Moe Tucker ńkọ́? Òun ló ń lu ìlù fún Velvet Underground ní New York. Kì í jókòó. Ó máa ń dúró, á gbé ìlù ńlá dùbúlẹ̀, á fi igi olórí rírọ̀ lù ú, kò sì fẹ́ràn kímbálì rárá. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń gbọ́ tó fi kọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀? Babatunde Olatunji, ọmọ wa tó gbé *Drums of Passion* jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. Ẹ wá àwo Velvet ti 1967 tí wọ́n ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí iwájú páálí rẹ̀. Ìlù náà dúró sójú kan, kò ṣe fááríì kankan, gbogbo àwọn tó kù ń ya wèrè yí i ká. Fanny náà wà, obìnrin mẹ́rin, 1970 ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Jean Millington lórí béèsì, ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Ìṣirò:
Èmi, kíkà ló là mí lójú. Pink Floyd, *The Dark Side of the Moon*, 1973, orin "Money". Ohun owó ẹyọ àti ẹ̀rọ ìgbowó lo máa kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n gé téèpù náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó lè máa yí po. Béèsì á wá wọlé. Máa fi ẹsẹ̀ kà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú rọ́ọ̀kì, mẹ́rin-mẹ́rin ni. Èyí, méje-méje ni. Ẹsẹ̀ rẹ á kọ́kọ́ ṣì, má dá a dúró. Sásófóònù á ta tirẹ̀ lórí méje yẹn. Ìgbà tó bá kan David Gilmour láti ta gìtá, wọ́n á yí i sí mẹ́rin, ara rẹ á kàn tú pẹ́ẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Ìwọ tó ò mọ nǹkan kan nípa orin á mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Kò_Kàn_Mí:
Ọ̀rọ̀ orin lèmi ń tẹ̀lé ní tèmi. Ẹ máa ka iye ẹsẹ̀ lọ.

Ìjìnlẹ̀:
Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tó bá jẹ́ pé ìdí ìlù ni báńdì wà lóòótọ́, tí onílù bá wá kú ńkọ́?

Bàbá_Aláwo:
Há. Ọ̀rọ̀ tó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe lo gbé wá yìí.

Bonham, onílù Led Zeppelin, kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 1980. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, àwọn mẹ́ta tó kù kéde pé àwọn ò ní bá a lọ mọ́. Onílù kún ìgboro, wọ́n lówó, orúkọ wọn sì ń tà. Wọ́n jókòó. Nígbà tí wọ́n tún jọ ṣeré kíkún ní London ní 2007, Jason ọmọ Bonham ni wọ́n gbé sídìí ìlù. Lójú tèmi, báńdì tó mọ ara rẹ̀ nìyẹn.

The Who ṣe òdìkejì rẹ̀. Keith Moon, onílù wọn, kú ní oṣù Kẹsàn-án 1978, wọ́n mú Kenney Jones. Ẹ má bú Jones o, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n Moon kì í di ìdí mú bí onílù yòókù. Ohùn Roger Daltrey akọrin wọn àti ọwọ́ Pete Townshend lórí gìtá ló máa ń sáré tẹ̀ lé, á máa da ìlù wọ gbogbo àyè tó bá ṣófo. Townshend ló ń di àkókò mú fún wọn, pẹ̀lú gìtá! Gbogbo báńdì náà dorí kodò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń rìn. Ìgbà tí onílù tó ń lù ú tààrà dé, kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe, àmọ́ idán ti lọ. Gbọ́ *Who's Next*, 1971, kó o wá gbé *Face Dances*, 1981, tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa sọ pé mò ń ṣojúsàájú. Mò ń ṣe é.

Ti AC/DC ni mo máa ń fi gbèjà ara mi. Akọrin ló kú lọ́dọ̀ wọn, Bon Scott, ní oṣù Kejì 1980. Tó bá jẹ́ akọrin ni báńdì, ó yẹ kí wọ́n parí. Oṣù Keje ọdún kan náà, *Back in Black* jáde pẹ̀lú Brian Johnson, páálí àwo náà dúdú kirimú láti fi ṣọ̀fọ̀, agogo ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó tà káàkiri ayé. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Phil Rudd lórí ìlù, Cliff Williams lórí béèsì, Malcolm Young lórí gìtá kejì tí kì í fi í ṣe fújà. Àwọn mẹ́ta yẹn ò kúrò níbi tí wọ́n wà. Ohun tí Rudd ń lù, ọmọdé lè rò pé òun náà lè lù ú. Kó gbìyànjú rẹ̀ fún orin kan láì-fi-kún, láì-yọ-kúrò.

Ọ̀nà kẹta wà, èmi ló wù mí jù. Ian Curtis tó ń kọrin fún Joy Division kú ní oṣù Karùn-ún 1980. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé tí ẹnìkan bá kúrò, orúkọ á yí. Wọ́n pa orúkọ náà tì, wọ́n di New Order, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìlù Stephen Morris àti béèsì Peter Hook tó máa ń ta lókè lókè ló jẹ́ kó o mọ̀ pé àwọn kan náà ni.

Ìjìnlẹ̀:
Mo gbà fún yín lórí AC/DC, mi ò gbà lórí The Who. Ẹ fi Def Leppard kún un. Onílù tiwọn, Rick Allen, ò kú, àmọ́ jàǹbá ọkọ̀ gba ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1984. Wọn ò lé e. Wọ́n jẹ́ kó ṣe ìlù tuntun tó ń fi iná ṣiṣẹ́, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á fi máa tẹ ohun tí ọwọ́ yẹn ń lù tẹ́lẹ̀. Ó padà sórí ìtàgé ní 1986. *Hysteria* jáde ní 1987. Tẹ́tí sí i, kó o gbọ́ bí ìlù ibẹ̀ ṣe ṣe kedere, tí àyè wà láàárín rẹ̀. 

Nọ́ọ̀sì_Etí:
Ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yín díẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Ẹ ti sọ fọ́mọ pé kó fi íápíìsì sétí méjèèjì, ó dáa. Ẹ ò sọ bó ṣe máa pariwo tó. Ariwo tó bá tó 85 desibẹ́lì, wákàtí 8 lóòjọ́ ni ibi tó yẹ kó mọ. Gbogbo 3 tó bá tún gùn lé e, pín àkókò náà sí méjì: 88, wákàtí 4. Tó bá tó 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ìró wíwọ inú etí tó máa ń bá àwọn olórin yìí jà, kì í sábà lọ. Townshend tí ẹ̀ ń dárúkọ yẹn ti ń sọ̀rọ̀ lórí tirẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Brian Johnson, ní 2016, wọ́n ní tí kò bá dá eré ìta gbangba dúró, ó lè di adití pátápátá, ló bá fi ìrìn àjò AC/DC sílẹ̀ láàárín. Tí béèsì ò bá dún dáadáa, íápíìsì ni kó o pààrọ̀. Má fi ohùn kún un.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn àwo tí wọ́n ti pariwo láti ilé iṣẹ́ wá. *Death Magnetic* ti Metallica, 2008, wọ́n tẹ ohùn rẹ̀ pọ̀ débi pé ìlù kì í ga, kì í lọ sílẹ̀, àwọn olólùfẹ́ wọn fúnra wọn bínú. Irú àwo bẹ́ẹ̀ máa ń rẹ etí kó tó dé ìdajì.

Etí_Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti wá íápíìsì. "The Chain" mú mi, mi ò ní purọ́, mo tún un gbọ́ kí n tó lọ síwájú. Ti Headley Grange yẹn, ìlù náà dún bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn mi. Stones ò tíì wọlé, mo rí ọwọ́ Charlie Watts nínú fídíò, àmọ́ mi ò tíì máa gbọ́ ọ. Ti kíkà méje, Ìṣirò, ẹsẹ̀ mi kọ̀ jálẹ̀. Black Sabbath ń dẹ́rù bà mí díẹ̀, ẹ má bínú, Gìtá. Kí ló kàn?

Ọmọge_Béèsì:
Má fipá mú Stones. Fi sílẹ̀, á wá fúnra rẹ̀.

Bàbá_Aláwo:
Níwọ̀n bí ọmọge wa ti dárúkọ Olatunji, gbé àwo àkọ́kọ́ Santana, 1969. "Jingo" tó wà níbẹ̀, orin Olatunji ni, inú *Drums of Passion* yẹn ni wọ́n ti mú un. Gbọ́ ti Olatunji ṣáájú, kó o tó gbọ́ tiwọn. Lẹ́yìn náà, wá fídíò wọn ní Woodstock, àjọ̀dún orin ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún yẹn, kó o wo Michael Shrieve lórí ìlù, ọmọ ogún ọdún.

Gìtá_Lẹ̀mí:
Santana! Carlos Santana! Onígìtá! Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ rí Bàbá báyìí? Wọ́n ti padà wálé sọ́dọ̀ mi.

Bàbá_Aláwo:
Orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn àwo. Ka àwọn tó wà nínú rẹ̀: mẹ́fà ni wọ́n, mẹ́ta ló ń lu ìlù.